Ohun Tí Ìlù Ń Sọ Nígbà Tí Àwòrán Dákẹ́: Orin àti Ìmọ̀lára Nínú Fíìmù Yorùbá

Òwe-òwe là ń lùlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣíde ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìlù àti orin inú fíìmù, èyí tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, tó ń mú omi bọ́ lójú wa, tó sì ń mú kí ara wa bù máṣọ kí ohun tó ń bani lẹ́rù tó yọjú rárá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 jọ sínú gbọ̀ngàn láti wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999. Nígbà tí eré dé ibi tó gbóná jù, wáyà tó so mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn já. Àwòrán ń lọ, ohùn kò sí. Làgàtà, ológun tó fi ipá gba adé Jogbo, di orí rẹ̀ mú, ó ń jẹ̀rora. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọ fi í rín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dìde, ó ń sín in jẹ. Nígbà tí a tún wáyà so tán, mo dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, a sì tún ibẹ̀ wò pẹ̀lú ìlù. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Mo wá bi wọ́n pé, "Kí ni ìlù náà ń sọ?" Kò sí ẹni tó lè fèsì. Ọmọbìnrin kan ló padà dáhùn pé, "Sà, ó ń dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń wí."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ohun méjì ló wà nínú gbólóhùn rẹ̀: ìmọ̀lára àti ìtumọ̀. Fíìmù náà fún un ní èkíní, èkejì sì fò ó ru. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí a jọ tọ ipasẹ̀ ìtàn, kí a lè rí bí àwọn méjèèjì ṣe jọ ń rìn pọ̀ nínú eré Yorùbá láti ayébáyé, àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ pínyà.

Iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú fíìmù

Fíìmù kò fọhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall ní ọdún 1903, àwòrán lásán ni wọ́n rí. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn onílé sinimá kì í sábà jẹ́ kí àwòrán náà máa lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n a fi ẹni kan sí ìdí dùùrù, tàbí kí wọ́n kó odidi ẹgbẹ́ olórin jọ sí iwájú aṣọ funfun, kí wọ́n máa fi ohùn tẹ̀ lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹṣin bá ń sáré, ọwọ́ ẹlẹ́dùùrù a yá. Bí ìyá bá ń sunkún ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ a rọ̀. Lẹ́yìn The Jazz Singer ti ọdún 1927 ni fíìmù tó ń fọhùn wá gbilẹ̀, orin sì bá a wọnú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni nípa fíìmù kì í yé tọ́ka sí. Nígbà tí Alfred Hitchcock ń ṣe Psycho, tó jáde ní ọdún 1960, èrò rẹ̀ ni pé kí ibi tí wọ́n ti gún obìnrin kan pa nínú balùwẹ̀ má ní orin kankan. Bernard Herrmann tó ń kọ orin fíìmù náà kò fara mọ́ èyí. Ó fi kìkì ohun èlò olókùn bíi fáólìnì kọ orin tó ń han gooro, Hitchcock gbọ́ ọ, ó sì yí èrò rẹ̀ padà. Lónìí, ẹni tí kò rántí ojú obìnrin náà mọ́ rántí ohùn okùn wọ̀nyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa náà nìyẹn: nígbà tí a yọ ohùn kúrò, ìbẹ̀rù bá a lọ.

Bí a bá wò ó dáadáa, àwọn irinṣẹ́ tí olórin fi ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Èkíní ni ìyára: ìlù tó ń sáré a máa mú ọkàn sáré, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ a máa mú un rọlẹ̀. Èkejì ni gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn: ohùn tó ń kùn láti ìsàlẹ̀ bí àrá tó wà lókèèrè a máa sọ fún wa pé ewu ń bọ̀. Ẹ̀kẹta ni agbára ohùn, bóyá ó rinlẹ̀ tàbí ó rọra. Ẹ̀kẹrin ni ìdákẹ́jẹ́, nítorí pé bí ìlù bá dá lójijì, etí gbogbo ènìyàn a dúró ṣanṣan láti mọ ohun tó dé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀karùn-ún wà, òun náà ni ọ̀rọ̀. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" yàtọ̀ síra wọn, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan náà ni a fi kọ wọ́n. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ìyáàlù tó lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde lè sọ̀rọ̀. Nínú Psycho, okùn fáólìnì ń kígbe lásán ni. Nínú fíìmù wa, igbe náà lè jẹ́ òwe, ó lè jẹ́ oríkì, ó sì lè jẹ́ èébú.

Láti ọ̀dọ̀ alárìnjó dé ọ̀dọ̀ Ògúnǹdé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orírun orin fíìmù Yorùbá gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn alárìnjó, àwọn eégún apidán tí eré wọn ti fìdí múlẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́. Ìjúbà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀sà ni wọ́n ń pè, ìlù bàtá ni wọ́n ń jó sí. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó sọ nípa erè ńlá tí wọ́n fi ṣe idán, ó sọ nípa òyìnbó funfun tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni pé ó kọ ọ́ pé láàárín ìpele eré kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, ọ̀pọ̀ èrò òǹwòran sì ń gbè é. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Àwọn òǹwòran wà nínú orin náà. Ohùn tiwọn ló ń mú eré gbóná.

Ọ̀nà kejì tí orin gbà wọnú eré wa ni ilé ìjọsìn. Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bí ní ọdún 1916, ti ṣe tíṣà, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá kí ó tó di òṣèré. Eré rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó dá lórí ọgbà Ídẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ni ó ṣe fún ìjọ Aládùúrà kan ní ọdún 1944. Glover Memorial Hall, ibi tí àwòrán aláìfọhùn ti kọ́kọ́ yọ sí àwọn ará Èkó, ni ó ti ṣe é. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, orúkọ tó sọ ọ́ ni African Music Research Party. Orin ló fi sínú orúkọ, kò fi eré síbẹ̀.

Ògúnǹdé ló sọ orin ìṣíde, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní gílíì, di gbajúmọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré a jáde, wọ́n a kọrin, wọ́n a jó, wọ́n a sì fi orin náà ta àwọn òǹwòran lólobó nípa ohun tí eré dá lé. Ẹ̀rín ni yóò jẹ́ ni, tàbí ẹ̀kọ́, tàbí ìkìlọ̀? Orin á ti pèsè ọkàn sílẹ̀. Orin náà sì ní agbára tí ìjọba ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1964 tí ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́, òfin náà kò sì kúrò títí di ọdún 1966.

Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà ti inú orin ìjọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó mú ìlù ìbílẹ̀ wọnú orin Àjíǹde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn kan nínú ìjọ kò gbà á, wọ́n ní ìlù òrìṣà ni. Kò ju ìlù náà nù. Ó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí orí ìtàgé, ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963. Bàtá tó jẹ́ ìlù Ṣàngó ló fi gbé ìtàn Ṣàngó. Ní ọdún 1964, ó gbé eré náà lọ sí ìlú Berlin ní Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò ti gbọ́ Yorùbá rárá, eré náà sì gbayì. Ìbéèrè ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì mi tún yọjú níbí: ẹni tí kò gbọ́ èdè lè gbọ́ ìbínú, ó lè gbọ́ ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ará Òṣogbo gbọ́ lẹ́nu bàtá ju èyí tí ará Berlin gbọ́ lọ.

Nígbà tí ìtàgé di fíìmù

Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tí a kà sí fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Adéyẹmí Afọláyàn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló léwájú nínú rẹ̀, Dúró Ládípọ̀ náà sì kópa. Ní ọdún 1979, Adé Love gbé Ìjà Òmìnira jáde, láti inú ìwé ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ní ọdún 1979 kan náà ni Ògúnǹdé gbé Ayé jáde, Jáyésinmi sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Kí ó tó di aláwàdà, olórin hàílàìfù ni òun náà; abẹ́ rẹ̀ ni King Sunny Adé ti lùlù nígbà èwe rẹ̀.

Kò sí nínú àwọn àgbà wọ̀nyí ẹni tó rí orin bí àfikún lásán. Ọ̀dọ̀ orin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ewì alohùn nínú fíìmù wọn bí ìgbà tí a wà ní ojúde baálẹ̀. Ọfọ̀ àti àyájọ́ ń dún nínú Ayé, níbi tí babaláwo ti ń bá àwọn àjẹ́ jà. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin gan-an. Àárín méjèèjì ló wà. Bí òṣèré bá ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu tó bọ́ sínú ọfọ̀, ohùn rẹ̀ a yí padà, òǹwòran a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí ẹ kọ́ nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ìjálá ń mú ìgbónára ọdẹ wá. Ẹkún ìyàwó ń mú àárò ilé bàbá wá, kódà nígbà tí inú ìyàwó ń dùn. Ìyèrè ń mú ìbọ̀wọ̀ fún Ifá wá. Rárà ń mú kí orí ẹni tí a ń sun ún fún wú. Olùdarí fíìmù tó mọ èyí kò ní í ṣòpò wá orin láti òkè òkun; ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ti ní ohùn tirẹ̀ nílẹ̀.

Ṣaworoidẹ: nígbà tí ìlù fúnra rẹ̀ di òṣèré

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Ṣaworoidẹ, nítorí pé kò sí fíìmù tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ú lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn náà. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú. Ọba tó bá jẹ gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù tó so òun, adé àti ìlù onísaworo idẹ pọ̀. Ẹni tó bá dé adé náà láìṣe ètùtù, bí wọ́n bá lu ṣaworoidẹ nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, yóò kú. Lápìtẹ́ kọ̀ láti ṣe ètùtù, nítorí ó fẹ́ jayé ọba láìsí ìdè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di dandan fún un láti máa bẹ̀rù ìlù.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbáyé, òǹwòran nìkan ló ń gbọ́ orin. Àwọn ẹni inú ìtàn kò gbọ́ ọ. Obìnrin inú balùwẹ̀ kò gbọ́ fáólìnì Herrmann. Ṣùgbọ́n ní Jogbo, ìlù tó ń já àyà wa náà ló ń já àyà ọba. Ohun tó ń dẹ́rù ba òǹwòran ni òfin ìlú náà gan-an. Nígbà tí Àyánníyì, ọmọ Àyàngalú, wá lu ìlù náà níṣojú Làgàtà tó gbàjọba, ìlù ló dájọ́, ìlù náà ló sì pa arúfin.

Ọdún 1999 tí fíìmù yìí jáde ni ìjọba ológun kógbá sílé ní Nàìjíríà. Àwọn tó wò ó nígbà náà mọ ẹni tí Làgàtà ń ṣojú fún. Ọ̀pálábà, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ń fi òwe àti àṣàrò ṣe ẹnu fún mẹ̀kúnnù, bí ìgbà tí olórin ń dá tí ìlú ń gbè. Ní ọdún 2002, Kèlání àti Ìṣọ̀lá tún ṣe Agogo Èèwọ̀, níbi tí agogo ìbúra ti ń tú àṣírí àwọn ìjòyè tó ń jí owó ìlú kó. Fíìmù méjì, orúkọ ohun èlò orin méjì. Ohun tí àwọn àgbà méjèèjì ń sọ fún wa kò farasin: ìlú tó bá gbàgbé ohùn ìlù rẹ̀ ti gbàgbé àdéhùn tó bá àwọn aláṣẹ rẹ̀ ṣe.

Orin àgbéléwò àti dùùrù ìgbàlódé

Nígbà tí fíìmù àgbéléwò gbòde ní àwọn ọdún 1990, owó kò pọ̀, àkókò kò sì gùn. Orin tí ń sọ ìtàn wá wọ́pọ̀: bí ọkùnrin kan bá ń lọ sí ọ̀dọ̀ àlè, orin á ti máa kìlọ̀ fún un láti ẹ̀yìn pé ibi tó ń lọ kò dára. Tọ́pẹ́ Àlàbí, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ lónìí sí olórin ẹ̀mí, wà lára àwọn tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù. Àwọn alárìíwísí kan máa ń bínú sí orin yìí pé ó ń tú ìtàn síta kí ó tó ṣẹlẹ̀. Èmi kò fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú wọn. Nínú àlọ́ àpagbè, ṣé gbogbo wa kò ti mọ ibi tí ìjàpá ń lọ kí ó tó dé ibẹ̀ ni? A mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ à ń gbe orin. Gílíì Ògúnǹdé náà ń ta òǹwòran lólobó. Ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tí kò sì lè dá a dúró, àánú onítọ̀hún a máa ṣe é ju ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ.

Àléébù tí mo rí wà níbòmíràn. Dùùrù ìgbàlódé tí a ń fi iná mànàmáná lù wọlé, ohùn rẹ̀ kan náà sì ń dún lábẹ́ ìran gbogbo: òkú, ìkọ̀sílẹ̀, owó tó sọnù, ìyàwó tó ń ronú. Orin ń pàṣẹ pé kí a sunkún kí òṣèré tó ṣe ohunkóhun tó yẹ ní ẹkún. Ìmọ̀lára wà, ṣùgbọ́n a kò lè bi ohùn náà pé kí ló wí. Nígbà tí ìyáàlù bá sì wọlé, ó máa ń jẹ́ pé ọba ló fẹ́ jáde ni, bí ẹni pé ìlù kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tí àwa olùkọ́ lè ṣe

Lẹ́yìn ọjọ́ tí wáyà já, mo wá àyàn kan ní àdúgbò ilé ẹ̀kọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá mi kọ́ kíláàsì. Baba náà gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó ní òun fẹ́ fi ìlù pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ẹni tí òun bá pè dìde. Ó lù ú: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Ọmọbìnrin mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà: Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́ àti Àṣàkẹ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Baba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé ẹ rí i? Ìdí tí ìlù kì í fi í pe orúkọ lásán nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ so oríkì ilé bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, kí n tó lè yà á sọ́tọ̀." Ó wá fi oríkì orílẹ̀ Àdùkẹ́ kún un. Nígbà tí ó ṣàlàyé ohun tó lù, àwọn méjì yòókù jókòó.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ti ìlù lọ. Ohùn lásán lè mú ènìyàn mẹ́ta dìde, kò sì ní í sọ ẹni tó ń pè fún wọn. Bí orin fíìmù ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò mọ èdè rẹ̀ nìyẹn: ó mú un dìde, kò pè é lórúkọ.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a máa lo fíìmù ní kíláàsì lọ́nà mẹ́ta. Kí a kọ́kọ́ fi ìran kan hàn láìsí ohùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó rò sílẹ̀. Kí a tún un fi hàn pẹ̀lú ohùn, kí wọ́n kọ ohun tó yí padà nínú ọkàn wọn àti ohun èlò tó yí i padà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ bá àgbà kan tàbí àyàn kan nílé, kí wọ́n béèrè ohun tí ìlù tàbí ìpè náà ń sọ. Iṣẹ́ kẹta yìí ló ṣòro jù, nítorí pé àwọn tó lè dáhùn ń dín kù. Adébáyọ̀ Fálétí ti papò dà ní ọdún 2017, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2018. Fíìmù wọn wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù kò lè túmọ̀ ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó sọ pé ìlù ń dẹ́rù ba òun ni Àdùkẹ́ tí baba náà pè. Nígbà tí kíláàsì parí, ó dúró ti baba náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó bá òun lu oríkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Baba lù ú, Àdùkẹ́ sì ń fi ẹnu sọ ọ́ tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dé òpin. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.